Igbó Ọba, Igbó Ta Ni?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlú àti ní abúlé, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń jí kí àkùkọ tó kọ, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ igbó ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ igbó kéré, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ń dá ọ̀rinrin dúró fún kòkó rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí aya rẹ̀ ti ń ṣa igi ìdáná. Kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ro ní ọjọ́ tí òun kò bá sí mọ́.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Síbẹ̀, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí a ti ń fá orí ará oko lẹ́yìn rẹ̀. A ya igbó rẹ̀ sọ́tọ̀, a kò pè é. A ta igi inú rẹ̀, a kò pè é. A kó owó igi náà lọ sí olú-ìlú, a kò pè é. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a máa ń pè é ni ọjọ́ tí a bá fẹ́ mú un lọ sí kóòtù nítorí pé ó dáko nínú ohun tí à ń pè ní igbó ọba. Àwa ń bi ìjọba léèrè lónìí, ní gbangba, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: igbó ọba yìí, igbó ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kò sí igbó tí kò ní ẹni tí ó ni ín. Bí kò bá ṣe ti ìdílé, ti ìlú ni. Bí kò bá ṣe ti ìlú, ti òrìṣà ni. Ọdẹ mọ ibi tí igbó ìlú rẹ̀ pin sí, ó sì mọ ẹni tí yóò gbé itan ẹran fún bí ó bá pa ẹran kọjá ààlà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya igbó Olókèméjì, tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sọ́tọ̀ ní 1899. Ní 1901 wọ́n ṣe òfin igbó fún ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà. Ní 1903 wọ́n mú ọ̀gbẹ́ni H. N. Thompson wá láti ilẹ̀ Burma, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó, pé kí ó wá ṣe olórí iṣẹ́ náà níhìn-ín. Ní 1925 wọ́n ya igbó ńlá Ṣàṣà sọ́tọ̀, èyí tí igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́ apá kan rẹ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Ifẹ̀ àti igbó Àgó-Òwu ṣe di igbó ọba.

A kò ní purọ́ mọ́ òyìnbó. Ní àkókò náà kòkó ń jẹ igbó lọ bí iná ọyẹ́, bí a kò bá sì ti pa ààlà rárá, bóyá àràbà kan kì bá tí kù fún wa láti fi han ọmọ. Ṣùgbọ́n òyìnbó rí igi, kò rí ènìyàn. Ó bá àwọn ìjòyè díẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ààfin àti ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ààlà, ìró àdá àwọn tí ń la ààlà ni ó fi mọ̀ pé igbó bàbá òun ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa dákẹ́ nígbà tí a ń gba ilẹ̀ wọn. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tí ó wà lábẹ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó. Ìjọba ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ débi tí òun yóò fi san gbogbo owó rẹ̀. Olúwa kò gbà. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní 1921 ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá a láre: pé ní ilẹ̀ wa, àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, ìyẹn ni ìlú, abúlé àti ìdílé, pé olóyè kàn ń ṣe alábòójútó rẹ̀ fún wọn ni, àti pé ìjọba tí ó bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Òyìnbó ni ó dá ẹjọ́ náà, lórí àga òyìnbó, sí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ nígbà tí òyìnbó lọ tán, kí ni àwa fúnra wa ṣe? Ní 1978, ìjọba ológun ti orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin ilẹ̀ tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ìtàn Nábótì ará Jésírẹ́lì àti ọgbà àjàrà rẹ̀. Áhábù burú, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ Áhábù pàápàá kọ́kọ́ tọ Nábótì wá, ó ní òun yóò fún un ní ọgbà mìíràn tí ó sàn ju tirẹ̀ lọ, tàbí kí òun san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ tí a ti bá dúnàádúrà bẹ́ẹ̀ lórí igbó ọba ní ilẹ̀ Ifẹ̀ na ọwọ́ rẹ̀ sókè kí a rí i.

Àwọn tí ó jókòó sí ọ́fíìsì rò pé igbó kò ju gẹdú lọ. Ìgbà tí kòkó kò tíì pọ́n, tí owó ọwọ́ ti tán, tí owó ilé-ìwé sì dé, inú igbó ni ìyá àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Níbẹ̀ ni ó ti ń já ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, àti ewé gbòdògì tí àwọn olóbì fi ń bo obì kí ó má baà gbẹ. Níbẹ̀ ni a ti ń hú olú, tí a ti ń gé pákò tí gbogbo ìlú ń run ní òwúrọ̀, tí oníṣègùn ti ń wa egbò, tí ọdẹ ti ń rí ẹran mú wálé. Kòkó fúnra rẹ̀, ọmọ abẹ́ ibòòji ni. Níbi tí kò bá sí igi ńlá, ọyẹ́ a máa dá ewé rẹ̀ gbẹ, oòrùn a sì máa pa ọmọ rẹ̀. Obìnrin tí ń ta ìgbín kì í gba ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ kò lè rí owó rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ìjọba. Ṣùgbọ́n bí igbó bá run, ilé rẹ̀ ni ebi yóò kọ́kọ́ wọ̀.

Ẹ gbọ́ bí òfin tìkára rẹ̀ ti ń pa igbó. Bí ìrókò bá hù láàárín kòkó àgbẹ̀ kan, ọwọ́ àgbẹ̀ náà ni ó wà láti dá a sí tàbí láti fà á tu. Bí ó bá dá a sí, yóò máa ro ìdí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí igi náà bá tó gé, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ni yóò gbé ẹ̀rọ ìgégi dé, tí yóò bi í lulẹ̀ sórí kòkó mẹ́wàá tàbí ogún. Owó àṣẹ ti wọ àpò ìjọba, pákó ti lọ sí ìlú. Ohun tí ó kù fún àgbẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó ṣẹ́ àti kòkó tí ó wó. Ẹ̀yin tí ẹ ní làákàyè, kí ni àgbẹ̀ náà yóò ṣe sí ìrókò kejì tí ó bá hù? Yóò fà á tu nígbà tí ó ṣì kéré bí ẹ̀fọ́, kò sì sí olùṣọ́ kan tí yóò rí i. Báyìí ni òfin tí ó ní òun ń dáàbò bo igi ṣe ń kọ́ àgbẹ̀ láti pa ọmọ igi.

Ẹ tún wo ètò tí wọ́n ń pè ní taungya. Láti Burma kan náà ni ó ti wá. Wọn a pín ilẹ̀ nínú igbó ọba fún àgbẹ̀ pé kí ó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kí ó sì máa ro ìdí ọmọ tíìkì tàbí mẹ̀línà tí ìjọba gbìn sáàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, igi a bo ilẹ̀, wọn a sì ní kí àgbẹ̀ kó jáde. Òtítọ́ ni pé ó rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ro ìdí igi bí alágbàṣe, kò gba owó alágbàṣe. Nígbà tí a bá sì ta igi náà, kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ta ni yóò fi gbogbo ọkàn tọ́ ọmọ tí kò ní mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ alẹ́? Nínú igbó Ọmọ, a gbin mẹ̀línà lọ jàn-ànràn kí a lè fi ṣe ìwé ní Ìwópín, ní ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí kò sì fìgbà kan ṣiṣẹ́ tó bí a ti pète rẹ̀. Bí a bá ti pe àgbẹ̀ sí ìpàdé kí a tó gbin ẹyọ kan, kì bá tí ṣàì bi wọ́n léèrè pé: bí ọjà tí ẹ ń retí kò bá dé ńkọ́?

Àwọn kan yóò dìde, wọn yóò ní: "Bí ẹ bá fi igbó lé ará oko lọ́wọ́, yóò rò ó tán pátápátá." Àwa náà bi wọ́n léèrè: lọ́wọ́ ta ni igbó wà láti 1925 títí di òní? Ṣé lọ́wọ́ ará oko ni? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ sí Oǹdó, tí ó kọjá Ifẹ̀tẹ̀dó, mọ ohun tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé. Kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ní àdá kan àti ọkọ́ kan ni ó ni ọkọ̀ wọ̀nyí. Ìjọba gba olùṣọ́ díẹ̀, tí owó oṣù wọn kéré, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ igbó tí ènìyàn kò lè fi ọjọ́ kan rìn já. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ará abúlé tí ń sùn lẹ́bàá igbó ni ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi lóru. Lónìí, nígbà tí ó bá gbọ́ ọ, a yí ojú sí ògiri, a ní, "Ti ọba ni." Ní ọjọ́ tí ó bá mọ̀ pé owó igi kọ̀ọ̀kan ni yóò fi tún kànga abúlé rẹ̀ ṣe, kò ní yí ojú sí ògiri mọ́, yóò kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀, wọn yóò sì jùmọ̀ jáde.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí pé èyí kì í ṣe àlá, ẹ̀rí wà ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Ní Ìpínlẹ̀ Cross River, abúlé méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ekuri Àtijọ́ àti Ekuri Titun. Àwọn ará abúlé wọ̀nyí ní igbó tí ó tó 33,600 hẹ́kítà. Wọ́n kọ̀ fún oníṣòwò gẹdú láti wá gé e, wọ́n sì fúnra wọn dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀: wọ́n ṣe òfin ohun tí a lè mú àti èyí tí a kò lè mú, wọ́n sì ń fi owó tí ó ti inú igbó wá ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní 2004 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní ẹ̀bùn Equator. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn fẹ́ la ọ̀nà ńlá gba inú igbó náà kọjá ní 2016, kì í ṣe olùṣọ́ ìjọba ni ó dìde. Àwọn ará Ekuri ni ó kọ̀wé, tí wọ́n pe gbogbo ayé gbọ́, títí ìjọba fi kéde pé òun yóò yí ọ̀nà náà padà. Ẹ fi èyí wé igbó Ṣàṣà. Ta ni ó dìde fún un?

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun pẹ̀lú. Ní 1957 ìjọba ilẹ̀ Nepal, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Himalaya, gba gbogbo igbó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ní òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ará oko ṣe bí ará oko tiwa ti ṣe: ó ní ti ìjọba ni, igbó sì ń run. Nígbà tí wọ́n rí i pé olùṣọ́ kò lè dá a ṣe, wọ́n yí ètò padà, òfin 1993 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé máa ṣe àkóso igbó tí ó yí wọn ká, kí wọ́n sì máa jẹ èrè rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ju 22,000 lọ níbẹ̀ nísinsìnyí, igbó sì ti padà sórí òkè púpọ̀ tí ó ti di ìhòòhò. Nítòsí wa ní Gánà, láti òfin 1997 ni oníṣòwò gẹdú ti ní láti bá àwọn ará abúlé ṣe àdéhùn ohun tí yóò ṣe fún wọn nínú owó igi. Bí a kò tilẹ̀ mú un ṣẹ níbi gbogbo, òfin ti mọ̀ pé ará abúlé wà láyé. Tiwa kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a tilẹ̀ ń wá lọ sí Nepal? Ẹ lọ sí Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, ó tó hẹ́kítà 75, ìlú sì ti yí i ká. Ní 2005 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí UNESCO tó dá a mọ̀, àwọn olùsìn, Àtáọ́jà àti àwọn ará ìlú ti mọ̀ pé tiwọn ni, wọ́n sì ti fi èèwọ̀ ṣe ọgbà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo igbó ni a lè fi èèwọ̀ ṣọ́ ní ayé òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ènìyàn bá mọ̀ ní tirẹ̀ ni ó ń ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú nísinsìnyí, ẹ̀yin olókòwò kòkó. Ní 2023 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parapọ̀ ní Yúróòpù, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú kòkó wa ń lọ, ṣe òfin pé àwọn kò ní ra kòkó tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 2020. Àti pé a gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà hàn, kí a sì fi hàn pé òfin ìlú tí ó ti wá fọwọ́ sí i. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́. Ẹ rò ó wò. Àgbẹ̀ kan ti ń ká kòkó ní etí igbó ọba láti ìgbà bàbá rẹ̀. Kò pa igbó kankan láti 2020. Ṣùgbọ́n kò ní ìwé. Kì í ṣe òyìnbó ni ó lè fún un ní ìwé, ìjọba tirẹ̀ ni. Bí ìjọba bá dákẹ́, kòkó rẹ̀ yóò di ohun tí oníbàárà kò lè fọwọ́ kàn, tàbí kí alágbàtà máa rà á ní ẹ̀dínwó ní òkùnkùn.

Nígbà tí a bá ń bá ìjọba wí, kí a má ṣe gbàgbé ara wa. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú wa ni a ti rí ẹni tí ń ta ilẹ̀ inú igbó ọba fún àlejò, tí yóò gba owó lónìí, tí yóò sì sẹ́ onílé rẹ̀ lọ́la nígbà tí olùṣọ́ bá dé. Nínú wa ni a ti rí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún agégi òru nítorí owó ọtí. Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ rántí pé àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún yín, ọmọ rẹ̀ náà ń jẹun. Igbó tí onílẹ̀ nìkan bá ń ṣe ìpàdé lé lórí, tí àlejò àti obìnrin kò sí níbẹ̀, igbó ọba mìíràn ni.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè. Èkíní, kí òfin dá ìgbìmọ̀ igbó sílẹ̀ ní gbogbo abúlé tí ó bá igbó ọba pààlà, kí àwọn ará abúlé fúnra wọn yan àwọn tí yóò wà níbẹ̀, onílẹ̀ àti àlejò, ọkùnrin àti obìnrin, kí a má sì ṣe fọwọ́ sí ìwé igi gígé kan láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà gbọ́ sí i. Èkejì, kí ìpín kan tí òfin dá lórúkọ nínú owó igi kọ̀ọ̀kan máa padà sí abúlé tí a ti gé e, kí a sì máa lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á. Ẹ̀kẹta, kí igi tí àgbẹ̀ bá gbìn tàbí tí ó dá sí nínú oko rẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ náà. Ẹ̀kẹrin, kí àgbẹ̀ inú taungya ní ìpín nínú igi tí ó tọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí a ka àwọn tí oko kòkó wọn ti wà nínú igbó ọba tipẹ́, kí a bá wọn ṣe ìwé àdéhùn pé wọn kò ní pa igbó mìíràn, àti pé wọn yóò gbin igi ńlá sáàárín kòkó wọn. Kí a má ṣe fi katakata lé wọn jáde bí olè.

A kò sọ pé kí ìjọba kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú igbó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ní òfin, ó ní àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ igbó. Ìbàdàn ni ilé ìwádìí igbó ti orílẹ̀-èdè wà láti 1954. Àgbẹ̀ ní ojú, ó ní etí, ó ní ẹsẹ̀ tí ó mọ gbogbo ipa inú igbó. Kí àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà ni a ń wí.

A rọ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ Ifẹ̀ kí wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ka ìwé ìròyìn yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà. Ẹ kọ ohun márùn-ún yìí sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ tẹ̀ka, kí ẹ sì gbé e lọ bá aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo. Ẹ bi í léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí a fi bẹ̀rẹ̀: igbó ọba, igbó ta ni? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀yin mọ ìdáhùn náà. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. A ti gé igi púpọ̀ jù. Ó tó àkókò tí ẹni tí igi wó lù yóò bá wọn dá sí i.

Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́,
Ilé-Ifẹ̀